Gbólóhùn Kẹta Nínú Ìwé Ẹ̀sùn Fáòsíà

Circle, Accra
Ọjọ́ kẹjọ, Oṣù Kejì, 2023

Bàbá mi,

Mo kí yín o, mo kí gbogbo ilé. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́? Ṣé àwọn ará Ìnìṣà ń jẹ́ kí ẹ sinmi, àbí wọ́n ṣì ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀, pé kí ẹ bá àwọn kọ̀wé sí káńsù? Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí ẹ ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ akọ̀wé kóòtù. Ẹ jẹ́ kí káńsù náà sinmi.

Ẹ̀yin lẹ ní ọ̀rọ̀ orí fóònù kò ní fáìlì, ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ẹgbẹ́ Àjọgbé, ẹgbẹ́ àwa obìnrin Yorùbá tó ń ṣòwò ní Accra, ti fi mí ṣe alága Ìgbìmọ̀ Ìwà. Èmi àti Zuweira aránṣọ ni. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá ṣẹ èkejì, yóò kọ ìwé ẹ̀sùn sí wa, a ó gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, a ó sì dájọ́. Alhaja Rasheedah, ààrẹ wa, ló dárúkọ mi. Ẹ rántí pé òun ló gbà mí sílé fún ọdún kan gbáko nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, tí n kò mọ ẹnì kan. Òun náà ló ní èdè Yorùbá nìkan ni kí a máa fi kọ ẹ̀sùn, kí èdè wa má bàa parẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí.

Àwọn ọmọ náà kò gbọ́ nǹkan kan, Bàbá! Ní ìpàdé tó kọjá ní Adabraka, ọ̀kan nínú wọn dìde, ó fẹ́ sọ pé ọ̀wọ̀ kò sí láàrin wa mọ́. Ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀ ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Alhaja ní, "Ọwọ̀ kò sí láàrin wa? Ẹ bá a mú ọ̀kan wá kíá!" Wọ́n mú ọwọ̀ iléèwé tí a ti ń ṣèpàdé wá lóòótọ́, wọ́n fi lé e lọ́wọ́, Alhaja ní kó dúró síwájú títí yóò fi pe ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọwọ̀ ni lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀rín pa wá.

Ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá fún yín, Fáòsíà, òun gan-an ni. Ó ń bọ̀ wá síbi ìgbéyàwó àbúrò bàbá rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé mo sọ fún yín o.

Ọmọ yín,
Ọlábùnmí


Ìnìṣà
Ogúnjọ́, Oṣù Kejì, 2023

Ọlábùnmí mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méje, òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Mo ti kọ ọjọ́ náà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Orúnkún mi wà níbẹ̀. Mo bá ọ yọ̀ sí ipò tuntun yìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbàdúrà pé kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi jókòó síbi tí wọ́n ti ń gba ìwé.

Fetí sí mi dáadáa. Bí ìwé ẹ̀sùn bá dé, má wo ojú ẹni tó mú un wá, má wo ojú ẹni tí wọ́n fi sùn. Kọ ọjọ́ tó dé sí i, fún wọn ní ẹ̀dà, dá ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Má ṣe kà á lórí ibùsùn. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Akọ̀wé kóòtù tó bá ti gba ẹja lọ́wọ́ olùpẹ̀jọ́, kí ó yáa máa lọ sílé.

Ọmọ tó mú lẹ́tà wá jókòó díẹ̀. Ọmọ dáadáa ni. A sọ̀rọ̀.

Fi ṣítò, ata díndín Ghana yẹn, ránṣẹ́ sí mi nígbà tí o bá rí ẹni tó ń bọ̀. Èyí tó ta gan-an ni kí o rà, kì í ṣe irú èyí tí o rà nígbà ìjelòó tí mo fi jẹ búrẹ́dì bí ẹni jẹ òróró.

Bàbá rẹ,
Ọláṣùpọ̀


Circle
Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kẹta, 2023

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ṣítò wà lọ́wọ́ awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá. Ìgò méjì ni. Ẹ kà wọ́n kó tó lọ.

Wàhálà ti dé. Ìwé ẹ̀sùn àkọ́kọ́ ti wọlé, Alhaja Rasheedah fúnra rẹ̀ ni wọ́n sì fi sùn! Fáòsíà ló kọ ọ́. Bàbá, ìwé náà ga ju wá lọ. Zuweira kà á tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Ọmọ yìí?" Ẹ gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀: "Sí ẹ̀yin Ìgbìmọ̀ tí a gbójú lé, èmi Fáòsíà, ọmọ ẹgbẹ́ yín láti ọdún mẹ́fà, mo fi omi ojú àti ìrètí kọ ìwé yìí." Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́, mo mọ ọwọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ bíi pé ó ń sáré lọ wọkọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, n kò mọ ibi tó ti rí i. Ó fẹ́ kí Alhaja tọrọ àforíjì lójú gbogbo ẹgbẹ́.

Alhaja ti wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ra ṣájà kan tí kò nílò. Ó ní, "Ọlábùnmí, ìwé máa ń sọnù láwùjọ ńlá báyìí, àbí kì í sọnù?" Mo ní ó máa ń sọnù. Ó ní kí n kí yín.

Kí ni kí n ṣe? Obìnrin yìí ló fún mi ní ẹní tí mo kọ́kọ́ sùn lé ní ìlú yìí. Eré lásán ló sì ṣe. Mo ti fi ìwé náà sí abẹ́ páálí ìbòrí fóònù ná. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọlábùnmí


Ìnìṣà
Ọjọ́ kejìdínlógún, Oṣù Kẹta, 2023

Ọlábùnmí,

Ìgò méjì pé. Ó ta. O ṣeun.

Yọ ìwé náà kúrò lábẹ́ páálí lónìí. Ìwé ẹ̀sùn kì í ṣe ìbòrí fóònù. Bí Alhaja bá ní eré ni, kí ó sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀, kí ẹni tí wọ́n bá ṣeré náà sọ bóyá ó dùn mọ́ òun. Pé ó fún ọ ní ẹní, ìyẹn dára. Ra ẹní tuntun fún un. Má fi ìdájọ́ san án.

Ní ti ìwé náà fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tó lè rí àléébù nínú rẹ̀. Ó ní orí, ó ní ìdí, ó sọ ohun tó ń fẹ́. Gbólóhùn kẹta yẹn, níbi tó ti ní ẹ̀rín ọgọ́ta obìnrin tẹ̀lé òun délé, ó sì bá òun wọ inú yàrá, mo lè sọ pé ní ogójì ọdún tí mo fi jókòó sí kóòtù, n kò tíì rí èyí tó dùn tó o. Adájọ́ tó bá ka ìyẹn tí kò mí kanlẹ̀, òkúta ni.

Bá mi kí Zuweira. Àwẹ̀ ku ọjọ́ mélòó kan. Kí Ọlọ́run jẹ́ ká bá a láyọ̀.

Bàbá rẹ


Circle
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹta, 2023

Bàbá,

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo kọ ránṣẹ́ sí yín nínú ìwé náà. Ẹ mú lẹ́tà mi, ẹ tún un kà. Níbo lẹ ti rí gbólóhùn kẹta?

Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́.

Èmi ni adájọ́, ẹ̀yin ni amọ̀ràn adájọ́, ẹ̀yin náà tún ni akọ̀wé olùpẹ̀jọ́! Bí Alhaja bá mọ̀, yóò ní èmi àti bàbá mi la jókòó gbìmọ̀ láti gba àga lábẹ́ òun. Ta ni yóò gbà pé n kò mọ̀? Ẹ ní kí n má ṣe gba ẹja lọ́wọ́ olùpẹ̀jọ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló fún yín?

N kò ní kọ̀wé mọ́ títí inú mi yóò fi rọ̀.

Ọlábùnmí


Ìnìṣà
Ọjọ́ kẹrìnlá, Oṣù Kẹrin, 2023

Ọlábùnmí, ọmọ mi,

Mo ti ń retí ìwé rẹ, kò dé. Awakọ̀ ní o kò fi nǹkan kan rán òun. Mo ní bóyá ó jábọ́ lójú ọ̀nà, ó ní nǹkan kan kò jábọ́.

Mo jẹ́wọ́. Èmi ni mo kọ ọ́. Kò fún mi ní ẹja, kò fún mi ní kọ́bọ̀. Súìtì bọ́tà-míǹtì méjì ló fún mi, mo sì ti lá wọn tán kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́dọ̀ mi, mo sì ń ka lẹ́tà rẹ lójú rẹ̀. Mo dé ibi ọwọ̀, mo rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, Ọlábùnmí. Ó ní, "Bàbá, kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?" Ojú mi kò kúrò lára ìwé náà. Ó wò mí, ó wo ìwé náà, ó ní, "Ṣé ó ti kọ ọ́ sí yín?" Kò bínú. Bí ẹni pé ó ti mọ̀ pé ó máa dé ibẹ̀ ni. Ó ní òun fẹ́ fi ẹjọ́ sùn, ṣùgbọ́n Yorùbá nìkan ni wọ́n gbà, Yorùbá yẹn náà sì ni wọ́n fi ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Òfin tí ẹ ṣe, ẹ fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ni ẹjọ́ síta. Ojú tì mí. Mo gbé gègé, mo kọ ọ́, òun ló wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà á kọ.

Ohun tí mo ṣe tí kò dára ni pé mo fi pamọ́ fún ọ, tí mo tún ń gbà ọ́ nímọ̀ràn. Ìgbéraga ló sì tú mi fó. Mo fẹ́ kí ẹnì kan yin gbólóhùn kẹta yẹn.

Dá mi lóhùn.

Bàbá rẹ


Ìnìṣà
Ọjọ́ kejì, Oṣù Karùn-ún, 2023

Ọlábùnmí,

A ti túnu, a ti ṣọdún, àwọn ọmọ ti gbàgbé ẹran tí wọ́n jẹ. N kò rí ìwé rẹ. Mo gbọ́ pé ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ìgbẹ́jọ́. Kọ̀wé, ì báà jẹ́ èébú.

Bàbá rẹ


Circle
Ọjọ́ kẹwàá, Oṣù Karùn-ún, 2023

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Inú mi kò tíì rọ̀ tán, ṣùgbọ́n mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ, kò sì sí ẹni tí mo tún lè sọ ọ́ fún.

Gbọ̀ngàn kún. Àwọn tí kì í wá sípàdé wá, wọ́n tún mú àga wá láti ilé. Kí n tó la ẹnu, Alhaja ti dìde. Ó na ìwé náà sókè. "Ọmọ tí kò lè pe ọ̀wọ̀, òun ló kọ èyí? 'Omi ojú àti ìrètí'? Ẹnì kan ló ń jà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹni náà jáde!" Ó ń wo Adéníkẹ́, igbá-kejì rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn bá a wo Adéníkẹ́. Adéníkẹ́ búra, wọn kò gbà. Mo rí i pé bí mo bá dákẹ́, ẹlòmíì ni yóò ru ẹrù tiwa.

Mo dìde. Mo ní, "Bàbá mi ló kọ ọ́." Mo sọ gbogbo rẹ̀: pé èmi ni mo fi lẹ́tà rán Fáòsíà sí yín, pé n kò mọ̀ ṣáájú, pé láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀, mo dákẹ́ fún ogójì ọjọ́. Mo ní ẹjọ́ yìí kò tọ́ sí mi láti dá, mo fi àga sílẹ̀ fún Zuweira. Alhaja wò mí. N kò ní gbàgbé bó ṣe wò mí. Ó ní, "Nínú ilé mi lo ti jẹun."

Zuweira ní kí Fáòsíà ka ìwé rẹ̀. Ó kà á dé gbólóhùn kejì, ó fi í sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìwé yìí, ó dára paa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu mi. Bàbá yẹn kọ pé mo sunkún ọjọ́ méje. Ah! Ọjọ́ méje kọ́. Inú trotro ni, bọ́ọ̀sì yẹn. Láti ibí dé Kaneshie. Ìyá kan tí mi ò mọ̀ ra omi fún mi, ó bi mí pé ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Mo ní àwọn ìyá mi ló fi mí rẹ́rìn-ín." Àwọn kan tún ń rẹ́rìn-ín sí Yorùbá rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibẹ̀, wọ́n ti dákẹ́. Ó fi Twi parí rẹ̀, "Ɛyɛ me ya," ìyẹn ni pé ó dun òun, kò sì sí ẹni tó ní kí ó sọ ọ́ ní Yorùbá. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń dùn ún.

Bàbá, gbólóhùn kẹta yín dùn, ṣùgbọ́n kò dé ibi tí omi yẹn dé.

Zuweira wá yíjú sí mi. "Ọlábùnmí, o wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí lo ṣe?"

"Mo rẹ́rìn-ín."

"Ẹ̀rín kékeré àbí ńlá?"

"Mo di àga mú kí n má bàa ṣubú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín sí ìyẹn náà. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Ìdájọ́ rè é: kí Alhaja tọrọ àforíjì, kí ó má sì jókòó sórí àga ààrẹ fún ìpàdé mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni lè fi èdè tó bá gbọ́ fi ẹjọ́ sùn láti òní lọ. Wọ́n kọ ìwé ìkìlọ̀ fún mi, mo tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ̀yin náà, wọn kò gbọdọ̀ rí ọwọ́ yín nínú ìwé ọmọ ẹgbẹ́ kankan mọ́. Wọ́n ní kí n jíṣẹ́ fún yín, mo ti jẹ́ ẹ.

Alhaja kò tọrọ àforíjì. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó ní òun ti ń darí ẹgbẹ́ kí àwọn kan tó mọ ọ̀nà ọjà Okaishie, ó jáde. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ó padà wá, ó yọ ṣájà rẹ̀ lára ògiri, kò wo ojú ẹnì kankan, ó tún jáde. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kí i, ọlọ́jà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń bá a jẹ́ mi. Inú mi bàjẹ́ gan-an.

Ọlábùnmí


Ìnìṣà
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Karùn-ún, 2023

Ọlábùnmí mi,

Mo ka ìwé rẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì gbà pé ọjọ́ méje yẹn pọ̀. Àṣà kóòtù ni. Olùpẹ̀jọ́ tó bá sunkún lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọn kì í sáábà pè é. Síbẹ̀ mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà lórí fóònù. Ó ní kò burú, ó ní kí n máa jẹ oúnjẹ dáadáa.

Mo gba ìdájọ́ yín. Ó dùn mí o, ṣùgbọ́n mo gbà á.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí. Lánàá, Alhaja Rasheedah pè mí. Bẹ́ẹ̀ ni, òun náà. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè orúnkún mi, ó wá ní òun fẹ́ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ka ìwé Fáòsíà ni òun ti mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ mọ̀wé, òun sì fẹ́ kí ẹni náà kọ ti òun. Ọmọ mi, gègé wà lápò mi. Mo ti rí gbólóhùn àkọ́kọ́ lọ́kàn mi kí ó tó sọ̀rọ̀ tán, ó sì dára. Mo sọ fún un pé rárá. Láyé mi, n kò tíì sọ rí pé n kò ní kọ̀wé fún ẹnikẹ́ni. Títí di ìsinsìnyí, ọwọ́ ọ̀tún mi kò dùn ún lò.

Mo ní, "Alhaja, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọmọ náà. Ẹ má mú ìwé lọ." Ó ní kí ni òun yóò sọ? Mo ní n kò mọ̀, mo ní kí ó fi èdè ọmọ náà sọ ọ́. Ó já fóònù mọ́ mi lójú. N kò mọ̀ bóyá yóò lọ.

Bàbá rẹ


Circle
Ọjọ́ kẹtàlá, Oṣù Kẹfà, 2023

Bàbá mi,

Mo kí yín o. N kò ní pẹ́ kọ èyí, awakọ̀ ń dúró.

Ní àná, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, Alhaja yọ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kò kí mi. Ó ní, "Dìde, sìn mí dé ṣọ́ọ̀bù Fáòsíà ní Adabraka." Mo ti ṣọ́ọ̀bù. Lójú ọ̀nà, ó ní kí n sọ fún òun bí wọ́n ṣe ń bẹ ènìyàn ní Twi. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti lò ní Accra, Bàbá. Iye ọjà nìkan ló lè fi Twi sọ. Mo kọ́ ọ, ó ń sọ ọ́ lábẹ́ ètè títí a fi dé.

Fáòsíà ń ta ìpara fún àwọn oníbàárà mẹ́ta. Alhaja wọlé, ó dúró sáàrin wọn, ó pariwo, "Mepaakyɛw!" Bí ẹni tó ń pe èrò sọ́kọ̀ ló ṣe pè é. Ó tún un pè, ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan fara ti ògiri. Ojú Alhaja pọ́n, mo rò pé yóò yí padà.

Fáòsíà gbé ìgò ìpara kalẹ̀. Ó yíjú sí àwọn oníbàárà rẹ̀, ó bá wọn wí ní Twi, kò rẹ ohùn sílẹ̀. Ohun tó sọ ni pé ìyá òun nìyí, ẹni tí kò bá lè dákẹ́ kí ó lọ ra ìpara níbòmíì. Ọ̀kan lọ lóòótọ́. Fáòsíà fa àga fún Alhaja. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún un díẹ̀díẹ̀, Alhaja sì ń tẹ̀lé e, títí ó fi jáde lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà Alhaja di ọwọ́ ọmọ náà mú, kò fi í sílẹ̀.

Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti rò pé iṣẹ́ mi ti parí, pé mo ti sin Alhaja débẹ̀. Mo fẹ́ padà síbi ọjà mi.

Fáòsíà gbé orí sókè. Ó ní, "Ọlábùnmí, ibo lò ń lọ? Ó ku ìwọ."

Mo bọ́ bàtà mi, mo wọlé.

Ọmọ yín,
Ọlábùnmí